Ìbọ̀wọ́ Ìyá Àgbà

Ọmọ tó wà nínú awò náà pa ojú dé, bẹ́ẹ̀ Amatullah kò kọ́ ọ ní ojú pípadé.

Ó tún un ṣe. Ó de awò ńlá tó ń bo ojú náà mọ́ orí, ó ti ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ ìbọ̀wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìwẹ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Tábìlì gidi ló wà níwájú rẹ̀, ògiri gidi, fèrèsé gidi tí oòrùn ọ̀sán Àpòmù ń gbà wọlé. Ọmọ nìkan ni kò sí níbẹ̀. Awò ló gbé ọmọ náà ka orí tábìlì, ọmọ jòjòló tó ń ju ẹsẹ̀ tó sì ń wo ojú ẹni. Ìbọ̀wọ́ ló ń mú kí ọwọ́ gbà pé ọmọ wà lóòótọ́: àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí wọ́n rán mọ́ ìka kọ̀ọ̀kan a máa tẹ ọwọ́ ẹni, a máa fà á, a máa darí rẹ̀ síbi tí ọwọ́ olùkọ́ ti lọ rí. Bí ìwẹ̀ bá parí, ó yẹ kí ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Bí Amatullah ṣe kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà nìyẹn.

Àmọ́ nígbà tí ìwẹ̀ parí, ìbọ̀wọ́ ọ̀tún gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè jẹ́jẹ́, ó mú un kọjá lójú ọmọ náà láti iwájú orí wá sí àgbọ̀n, bí ẹni ń nu eruku kúrò lára dígí. Ọmọ náà pa ojú dé. Kò là á mọ́.

Amatullah bọ́ ìbọ̀wọ́ náà. Inú ìbọ̀wọ́ náà tutù bí ohun tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ńṣe ni bátìrì máa ń mú un gbóná. Nígbà tó gbé ìka sún mọ́ imú, káfúrà ló gbọ́.

Ẹni tó ni iṣẹ́ náà ni Jason Akínṣọlá, ọmọ Ìkirè tó dàgbà sí Èkó, tó rìn lọ sí òkè òkun, tó sì padà wálé pẹ̀lú awò mélòó kan nínú àpótí àti ọ̀rọ̀ dídùn lẹ́nu. Awò kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ohun tí èèyàn yóò máa lò mọ́ awò ló fẹ́ máa ṣe tà. Ó gba òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan létí ọ̀nà tó lọ sí Gbọ̀ngán, ó kó àwọn ọmọ tó ti jáde ní yunifásítì tí wọn kò ríṣẹ́ jọ síbẹ̀, ó ní kí wọ́n máa pe òun ní Jason lásán, pé kò sí ọ̀gá, kò sí ọmọ iṣẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún irú wọn. Ọ̀gá tó bá ní òun kì í ṣe ọ̀gá, ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ ni ẹ ó mọ ẹni tó ni ẹ̀bi.

Ìbọ̀wọ́ Ìyá Àgbà ló pe ọjà náà. Ó kọ òwe sí ara páálí rẹ̀ pé ẹni tí kò ní ìyá kì í dá egbò ẹ̀yìn, ó sì kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé: A ti rí ìyá fún ọ. Ọmọbìnrin tó bímọ sí ìdálẹ̀, tí kò ní ìyá, tí kò ní ìyá ọkọ tí yóò wá bá a wẹ ọmọ, yóò de awò, yóò wọ ìbọ̀wọ́, ọwọ́ àgbà yóò sì máa gbé ọwọ́ rẹ̀ káàkiri ara ọmọ.

Ọwọ́ àgbà wo? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Ìyá Àṣíáwù, tó ń bá àwọn abiyamọ wẹ ọmọ ní Ìkirè, ni wọ́n kọ́kọ́ lọ bá. Obìnrin náà yí ìbọ̀wọ́ síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Kí n wá wẹ kí ni?"

"Ẹ kàn máa ṣe bí ẹni pé ọmọ wà lọ́wọ́ yín, mà," Amatullah ní.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé orí yín pé ṣá? Ọmọ ni mò ń wẹ̀, n kì í wẹ afẹ́fẹ́. Ara ọmọ ló ń sọ ibi tí màá tẹ̀ fún ọwọ́ mi." Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀, ó dá ìbọ̀wọ́ padà. "Ẹni tó bá ń wẹ ohun tí kò sí, ó ń pè é ni."

Jason kò bẹ̀ ẹ́. Nínú ọkọ̀, bí wọ́n ṣe ń kọjá lára àwọn tó ń sáré gbé dòdò Ìkirè tẹ̀lé mọ́tò, ó ní, "Ṣebí a ní ọwọ́ Alájà nílẹ̀."

Alájà Sìlífátù ló ń fi omi oníkáfúrà wẹ àwọn obìnrin Mùsùlùmí tó bá kú ní Àpòmù. Kí Jason tó ronú kan ọmọ wíwẹ̀, ìbọ̀wọ́ tí yóò kọ́ àwọn Mùsùlùmí ìdálẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wẹ òkú wọn ló fẹ́ tà. Ó pe Alájà, ó gbé ọmọláńgidi gígùn kan sílẹ̀ fún un, irú èyí tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù fi ń pàtẹ aṣọ, tí kò ní ojú, tí kò ní ẹnu, ó sì gba gbogbo ìrìn ọwọ́ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tó yá, àwọn onówó rẹ̀ lókè òkun ní irú ọjà bẹ́ẹ̀ kò wu ojú. Ó pa á tì.

"Jason, ọwọ́ tó ń wẹ òkú kì í wẹ ọmọ," ni Amatullah wí. "Alájà fúnra wọn kì í gbé ọmọ tuntun. Bí wọ́n bá lọ ibi ìkómọ, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń ṣàdúrà, wọn ò ní wọlé."

"Ara ni ara, omi ni omi." Jason kò gbé ojú kúrò lára fóònù rẹ̀. "Yọ òkú kúrò, gbé ọmọ síbẹ̀. Gé ibi tí wọ́n ti ń fi aṣọ bo òkú. Tó ò bá lè ṣe é, sọ fún mi. Àwọn graduate tó wà nílé pọ̀ jù ọ́ lọ."

Amatullah ṣe é. Ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, àbúrò rẹ̀ wà nílé ìwé, ìdí nìyẹn. Ó gé, ó dín kù, ó tún un kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí kò fi sí ohun tó jọ ìwẹ̀ òkú níbẹ̀ mọ́. Nítorí náà, lọ́sàn-án ọjọ́ tí ọmọ inú awò pa ojú dé, ó wá gbogbo ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ láti ara ọwọ́ Alájà, kò rí ibi tí ọwọ́ náà ti kọjá lójú ẹnikẹ́ni. Ọmọláńgidi kò tilẹ̀ ní ojú tí wọn yóò pa dé.

Ó dìde, ó gba ilé Alájà lọ.

Obìnrin náà jókòó lábẹ́ òrùlé ìta, ó ń bó ẹ̀gúsí. Kò gbé orí sókè nígbà tí Amatullah kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà."

"Amatullah, ọmọ Àbídì." Ó ju ẹ̀gúsí kan sínú igbá. "Ṣé ó ti ń pa ojú dé?"

"Ta... ta ló sọ fún yín, mà?"

"Ọwọ́ mi náà ni. Bí ẹ bá ti ń lò ó lọ́hùn-ún, àwọn ìka mi a máa tutù níhìn-ín." Ó tẹ́ ọwọ́ náà hàn án. Ó funfun, ó hunjọ ní orí ìka, bí ọwọ́ tó ti pẹ́ nínú omi. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀gúsí gbígbẹ ló ń bó. "Ọ̀gá yín ní kí n wá ṣe é bí eré. Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìyẹn ṣeré, ọmọ mi. Kí n tó gbé ọwọ́ lé nǹkan yẹn, mo ti ṣe àníyàn. Mo ní mo fẹ́ wẹ òkú yìí nítorí Ọlọ́run. Ó kù díẹ̀ kí n parí, iná lọ. Ọ̀gá yín ní ó ti tó, kí n máa lọ ilé. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kọ́ mi níṣẹ́ yìí, n kò fi ìwẹ̀ sílẹ̀ láìparí rí."

"Àmọ́ kò sí òkú níbẹ̀, mà."

"Ohun tí mo ń bá ọ sọ gan-an nìyẹn. Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ni ín ni kò tíì dé."

Adìẹ kan gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Amatullah kò mọ ìgbà tó di etí aṣọ Alájà mú.

"Kí ni ṣíṣe, mà?"

"Ẹ gbé e wá fún mi. Bí ẹnikẹ́ni bá kú lágbègbè yìí, màá wọ ìbọ̀wọ́ yín, màá fi wẹ̀ ẹ́ tán, ó parí. Ṣùgbọ́n kó tó di ìgbà náà, ẹ má jẹ́ kó kan alààyè."

Nígbà tí Amatullah sọ ọ́ fún Jason, ó rẹ́rìn-ín dé ẹ̀yìn ọ̀fun. "Kí n gbé ìbọ̀wọ́ mi fún wọn kí wọ́n fi wẹ òkú? Kí n wá tà á fún ta ni lẹ́yìn náà? Lọ mú kí ojú ọmọ yẹn là. Àwọn onówó fẹ́ wò ó lọ́jọ́bọ̀, Olúkẹ́mi ló máa wọ̀ ọ́ fún wọn."

Olúkẹ́mi ló ń rán ìbọ̀wọ́ náà. Ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́, ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà lọ sókè Ọya, kò sì tíì pẹ́ tó bí ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́, Ìfẹ́olúwapọ̀. Ìwọ́ ọmọ náà kò tíì já tí Jason fi ránṣẹ́ pè é padà sídìí ẹ̀rọ. Ó ní ilé iṣẹ́ àwọn ṣì kéré, kò tíì dé orí ìsinmi ìbímọ, ṣùgbọ́n pé òun kò kọ̀ kó gbé ọmọ wá. Ó pè é ní àánú. Olúkẹ́mi á máa rán ìka ìbọ̀wọ́, ọmọ á máa sùn lẹ́yìn rẹ̀, eruku aṣọ á máa bà lé àwọn méjèèjì lórí.

Amatullah fà á sí kọ̀rọ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un wúyẹ́wúyẹ́. Olúkẹ́mi gbọ́ ọ tán, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún un níhà.

"Àṣé ẹ̀yin Mùsùlùmí ló lẹ́rù jù! Mo ti gbé omi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa jàre, Wòlíì ti ka sáàmù sí i."

"Kẹ́mi, èmi ò bá ọ ṣàwàdà. Má fi ọmọ rẹ ṣe é."

"Ọmọ rọ́bà ni a máa lò. Jason fi Bíbélì búra fún mi." Ẹ̀rín náà kú díẹ̀díẹ̀ lójú rẹ̀. "Tí mo bá ní mi ò ṣe, Amatullah, ta ló máa gbà mí síṣẹ́ tòun ti ọmọ lẹ́yìn? Ìwọ?"

Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n to gbogbo nǹkan sáàárín yàrá: àpótí ìjókòó kékeré, bàsíà omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ dúdú, òrí. Jason fi fóònù rẹ̀ kọ́ orí ọ̀pá. Àwọn onówó ń wò láti inú rẹ̀. Olúkẹ́mi na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó de awò, Amatullah fúnra rẹ̀ ló bá a fi ìbọ̀wọ́ sọ́wọ́, ó sì tẹ́ ọmọ rọ́bà lé itan rẹ̀. Ìfẹ́olúwapọ̀ ń sùn lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Ohùn kan ti inú fóònù béèrè bóyá ọmọláńgidi nìyẹn.

"Rárá o," Jason dáhùn kíá, ó fi ẹ̀rín sí i. Ó dé ibi ẹní ní ìṣísẹ̀ bíi mélòó kan, ó gbé Ìfẹ́olúwapọ̀ tòun ti oorun lójú rẹ̀, ó ta ọmọ rọ́bà nù, ó sì tẹ́ ọmọ náà sí ipò rẹ̀.

"Jason! Kí lẹ ń ṣe yìí, sà?" Olúkẹ́mi ké.

"Ọmọ tìẹ ni, àbí? Ta ló tún mọ̀ ọ́n wẹ̀ jù ọ́ lọ? Rẹ́rìn-ín, wọ́n ń wò ọ́."

Amatullah ti dìde nídìí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá ń wẹ ọmọ, orí ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Yorùbá kan kò sí tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìbọ̀wọ́ náà kò ti orí bẹ̀rẹ̀. Ọrùn ọwọ́ ọmọ ló kọ́kọ́ bu omi sí, ọ̀tún, lẹ́yìn náà òsì. Ó fi ìka tútù nu ètè rẹ̀ àti ihò imú rẹ̀. Ó fọ ojú. Ó fọ apá dé ìgbọ̀nwọ́. Ó pa omi mọ́ àárín orí, ó wá sọ̀kalẹ̀ sí ẹsẹ̀. Olúkẹ́mi ọmọ Aládùúrà kò mọ ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe; ó ń rẹ́rìn-ín sí fóònù bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Àmọ́ láti kékeré ni Amatullah ti ń ṣe alùwàlá. Ó mọ irú ẹni tí ẹlòmíràn máa ń bá ṣe é.

"Bọ́ ọ! Kẹ́mi, bọ́ ìbọ̀wọ́!"

"Kò gbà," Olúkẹ́mi ní, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ àṣírí lọ. "Ó dì mí mú."

Jason gbá Amatullah lápá mú. "Jókòó jẹ́ẹ́. Wọ́n ń gbádùn ẹ̀."

Ó já ara rẹ̀ gbà, ó fa wáyà kọ̀ǹpútà tu. Kò ṣe nǹkan kan. Bátìrì wà nínú ìbọ̀wọ́. Ìwẹ̀ náà ń lọ, kò yára, kò lọ́ra: ìhà ọ̀tún láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ìhà òsì. Bí Amatullah ṣe di ìbọ̀wọ́ náà mú tó ń fà á, òtútù rẹ̀ gun òun náà dé èjìká. Òórùn káfúrà gba yàrá kan. Nínú fóònù, ẹnì kan pàtẹ́wọ́.

"Amatullah, èmi kọ́ o," Olúkẹ́mi ń wí lábẹ́ awò, omi ojú ń ṣàn gba etí awò jáde. "Mò ń dá a dúró. Mò ń dá a dúró, kò gbọ́."

Ọmọ náà ti ń ké láti ìgbà tí omi ti kàn án. Kò sí ẹni tó lè sọ ibi tí ẹkún náà ti dá. Ọwọ́ ọ̀tún gòkè jẹ́jẹ́, ó kọjá lójú rẹ̀ láti iwájú orí wá sí àgbọ̀n. Ìgbà náà ni ìbọ̀wọ́ méjèèjì tú fúnra wọn, wọ́n bọ́ sínú bàsíà.

Jason ló kọ́kọ́ dé àgọ́ ọlọ́pàá, òun ló sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ìbọ̀wọ́ òun kò ní agbára tó lè ti ọwọ́ ẹnikẹ́ni, pé ó kàn ń jẹ́ kí ara gbọ́ nǹkan ni. Ó ní obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kì í sùn dáadáa, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, òun kàn ń ṣàánú rẹ̀ ni. Ó fi fídíò hàn wọ́n. Ọwọ́ ta ló wà lára ọmọ nínú fídíò? Ọwọ́ Olúkẹ́mi. Wọ́n fi í sẹ́yìn káńtà, ọmú rẹ̀ ń ro wàrà sí bùláòsì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì wà lẹ́nu rẹ̀: "Èmi kọ́."

"Ẹ jẹ́ kí n wọ̀ ọ́ lójú yín, sà," ni Amatullah bẹ Ìnsípẹ́kítọ̀ Gàrúbà. "Ẹ gbé ọmọ rọ́bà sílẹ̀. Mùsùlùmí ni yín. Ẹ ó dá ohun tó ń ṣe mọ̀, ẹ ó sì mọ̀ pé kì í ṣe Olúkẹ́mi."

Gàrúbà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ wẹ òkú bàbá rẹ̀ rí. "Gbé e wá," ó ní.

Wọ́n to bàsíà sójú káńtà. Ẹ̀rù ń ba Amatullah, ṣùgbọ́n ó ti ọwọ́ bọ ìbọ̀wọ́. Inú ìbọ̀wọ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Orí ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ó bu omi sí orí ọmọ rọ́bà náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rọra tẹ iwájú orí rẹ̀ kó lè rí róbótó. Ó fọ inú ìṣẹ́po ọrùn rẹ̀. Ó ká apá mọ́ àyà, ó nà án. Ó mú ẹsẹ̀ kan apá òdìkejì, ó nà án. Ó dojú ọmọ náà bolẹ̀ lórí apá, ó tẹ ìdí rẹ̀, ó jù ú sókè díẹ̀, ó gbá a mú. Ó fi ìka kékeré nu ẹ̀yìn etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni ń bá ọmọ ṣeré. Amatullah ń retí ọ̀tún kó ṣáájú òsì, ó ń retí ẹnu, ó ń retí imú. Kò dé. Ó gbìyànjú láti fi agbára yí ọwọ́ náà sí ọ̀nà tó mọ̀, ìbọ̀wọ́ náà sì jẹ́ kó yí i, láìbá a jà, bí ìbọ̀wọ́ lásán. Ìgbà náà ló yé e. Iṣẹ́ Alájà ti parí. Ẹni tó ni ín ti dé, ó sì ti gbà á.

Ọlọ́pàá obìnrin kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó mọ ọmọ wẹ̀ o. Ó jọ ti màmá wa."

"Ṣé irú ọwọ́ yìí ló pa ọmọ?" Gàrúbà béèrè. Ìjákulẹ̀ wà lóhùn rẹ̀. Ó jọ pé òun náà ti fẹ́ kí obìnrin náà bọ́.

Olúkẹ́mi ti dìde lẹ́yìn káńtà. Ìbọ̀wọ́ ló tẹjú mọ́.

"Ẹ̀yìn etí yẹn," ó ní. "Bí mo ṣe ń wẹ Ìfẹ́ nìyẹn láràárọ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ mi. Ẹ̀rín ló máa ń fi rín." Ó gbé ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì wá síwájú ojú, ó wò wọ́n bí ẹni ń wo ohun tí wọ́n bá lápò rẹ̀. "Ọwọ́ mi ló wà nínú ìbọ̀wọ́ yẹn."

"Kẹ́mi, rárá. Nígbà tí o ń bá a jà ló gbà á lọ́wọ́ rẹ. Má sọ..."

"Tó bá jẹ́ ọwọ́ mi ni, èmi náà ni, nígbà náà."

Gàrúbà fa ìwé sún mọ́ ara rẹ̀. Jason kò dúró kó kọ ọ́ tán. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ Amatullah, ó gbé e sún mọ́ imú, ojú rẹ̀ sì là.

"Ẹ wá gbọ́ o. Ó ń ta sánsán bí ọmọ tuntun. Àwọn oníbàárà máa fẹ́ràn ẹ̀ gan-an."

Olúkẹ́mi gbọ́ ohun tó sọ. Ó na ọwọ́ méjèèjì kọjá lórí káńtà.

"Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ òórùn rẹ̀, sà," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Jason ti pa páálí ìbọ̀wọ́ náà dé.